Ọ̀rọ̀ Tó Ń Jẹ́ Mẹ̀kúnnù Nílùú Kan, Tó Ń Jẹ́ Ọba Nílùú Kejì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú òtútù tó mú lóde yìí. Mo kí ẹni tó ti Thamesmead wá, mo kí ẹni tó ti Peckham wá, mo kí ẹ̀yin ará Woolwich níbí tí ẹ gbà wá lálejò. Alága wa, mo dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Àgbà tó wà níbí, mo júbà. Ọmọdé tó wà níbí, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹ̀yin ni yóò bá dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Kí ló pa Charlton, ibi tí bọ́ọ̀sì 177 ń gbà kọjá lójoojúmọ́, pọ̀ mọ́ Ọba Charles Kẹta tí wọ́n dé ládé ní Westminster ní 2023? Kí ló pa àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ èébú tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń bú ẹni tí kò mọ̀wàá hù? Kí ló pa gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Pólándì fi ń pe ọba, àti mọ́ ìpínlẹ̀ Carolina ní Amẹ́ríkà? Baba kan náà ló bí gbogbo wọn. Mẹ̀kúnnù sì ni baba ọ̀hún. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ẹ̀fà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́kọ́: ọkùnrin tó ní ilé tirẹ̀

Láyé àtijọ́, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ̀wé ní àríwá Yúróòpù, àwọn ẹ̀yà kan wà níbẹ̀ tí èdè Jámánì, èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè àwọn ará Netherlands, ti Swídìn àti ti Nọ́wè ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin tí kì í ṣe ẹrú, tí kì í sì í ṣe ìjòyè. Àwọn onímọ̀ èdè kó àwọn ọmọ ọ̀rọ̀ náà jọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n fi ojú ọmọ mọ ojú baba, wọ́n ní karilaz ni ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé gbòǹgbò kan tó ń sọ nípa dídàgbà ló ti wá, èyí kan náà tí àwọn Gíríìkì ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin àgbà. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó ti dàgbà, tó ti tó ilé gbé, tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Àwa náà kúkú máa ń wí pé ẹni a bá lábà ni baba.

Àwọn ará Iceland ìgbàanì ní ìtàn kan tí wọ́n ń fi ewì sọ. Wọ́n ní òrìṣà kan ń rin ayé kiri, ó ń pe ara rẹ̀ ní Ríg, ó sì wọ ilé mẹ́ta. Ilé àkọ́kọ́, òtòṣì ni wọ́n, búrẹ́dì tó kún fún èèpo ọkà ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ọmọ tó tibẹ̀ jáde ni Thrall, ìyẹn Ẹrú. Ilé kẹta, ọlọ́lá ni wọ́n. Ọmọ ibẹ̀ ni Jarl, ìjòyè, ọmọ ọlọ́fà àti ẹlẹ́ṣin. Ilé tó wà láàárín ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wọ̀. Baálé ilé jókòó, ó ń gbẹ́ igi òfì. Ó ti tọ́jú irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ bá a lára mu rẹ́gí. Ìyàwó rẹ̀ ń rànwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpótí wọn wà nílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yẹn, Karl ni wọ́n sọ ọ́. Karl dàgbà, ó ń kọ́ akọ màlúù níṣẹ́, ó ń kan ohun ìtúlẹ̀, ó ń kọ́ ilé, ó ń kọ́ abà, ó ń túlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wá fún un, kọ́kọ́rọ́ so mọ́ ìdí ìyàwó náà.

Ẹ má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yẹn o. Ta ló ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́dìí? Ẹni tó ní ilẹ̀kùn. Ta ló ní ilẹ̀kùn? Ẹni tó ní ohun tí wọ́n lè jí. Mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń pè ní Karl yìí kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn.

Ní England ńkọ́? Àwọn ẹ̀yà tó wá tẹ̀ dó síbí gbé ọ̀rọ̀ náà dání wá, ó sì yí lẹ́nu wọn di ceorl. Ní nǹkan bí ọdún 600, Ọba Æthelberht ti Kent kọ òfin sílẹ̀, òun sì ni òfin tó pẹ́ jù lọ tó kù lédè Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Kent kẹ̀! Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí gan-an, Kent ni wọ́n ń kà á mọ́ títí di 1889. Òfin náà sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá pa ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ceorl, kí ó san ṣílè 6. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ceorl! Ìyẹn ni pé ceorl ní àwọn èèyàn lábẹ́ òrùlé rẹ̀ tí òun ń bọ́, tí òfin ọba sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni wọ́n, òun ni wọ́n máa san owó náà fún.

Mi ò sọ pé òun àti ọlọ́lá dọ́gba o. Ní Wessex, ìjọba kan ní gúúsù England, owó ẹ̀jẹ̀ ceorl, ìyẹn owó tí wọ́n máa san bí wọ́n bá pa á, jẹ́ ṣílè 200, ti ọlọ́lá jẹ́ ṣílè 1,200. Bí ọ̀ràn bá di ìbúra, ọlọ́lá kan tó ceorl mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ní owó ẹ̀jẹ̀, ìbúra rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́, ó ń gbé ọ̀kọ̀ tẹ̀lé ọba lọ sójú ogun. Àkọsílẹ̀ kan wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá tó sọ pé bí ceorl bá rọ́wọ́ mú títí tó fi ní ilẹ̀ márùn-ún lọ́nà tí wọ́n ń gbà wọn ilẹ̀ nígbà náà, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ilé ìdáná, ilé agogo àti ẹnubodè, tó sì ní ìjókòó nínú gbọ̀ngàn ọba, ó ti di ọlọ́lá nìyẹn. Ọ̀nà òkè kò dí mọ́ ọn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìhìn Rere Jòhánù, orí 4. Jésù wí fún obìnrin ará Samáríà létí kànga pé, lọ pe ọkọ rẹ wá. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Ìhìn Rere sí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí ibi tí àwa kọ ọkọ sí, ceorl ni. Kódà kí obìnrin lọ sílé ọkọ, ceorlian ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀wọ̀ lára láyé ìgbà náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀wọ̀ inú ilé ni, ọ̀wọ̀ ojú ogun sì ni pẹ̀lú. Ní 991, nígbà tí àwọn Viking, àwọn ajagun orí òkun láti àríwá, ṣẹ́gun ní Maldon ní ẹkùn Essex, tí olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ti ṣubú, ewì tí wọ́n fi ṣe ìrántí ogun náà dárúkọ ọkùnrin kan, Dunnere. Wọ́n ní ceorl lásán ni. Ó ju ọ̀kọ̀ rẹ̀ fìrìfìrì, ó fi ohùn rara ké sí gbogbo wọn pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san olúwa rẹ̀ kò gbọdọ̀ ro ti ẹ̀mí ara rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún un láàárín àwọn ọmọ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n wọ́n fún un.

Charlton tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìlú àwọn ceorl ni ìtumọ̀ rẹ̀. Cerletone ni wọ́n kọ ọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí Ọba William ṣe ní 1086. Carlton, Chorlton, ilé kan náà ni wọ́n. Ó sì dùn mọ́ mi pé ìlú àwọn mẹ̀kúnnù yìí ni ọmọ wa Ademola Lookman ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, nínú ẹgbẹ́ Charlton Athletic, kó tó di pé ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé ní àṣekágbá Europa League ní 2024, tí wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlà-oòrùn: ibi tí orúkọ ti di oyè

Láàárín àwọn Frank, àwọn tó ń gbé níbi tó di Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti ìwọ̀-oòrùn Jámánì lónìí, àwọn òbí a máa fi ọ̀rọ̀ yìí sọ ọmọ lórúkọ. Karl. Ọkùnrin. Ẹni tó dá dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ wo ilé tí orúkọ yìí bọ́ sí. Pippin ti Herstal, olórí ogun tó lágbára ju ọba wọn lọ, bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Karl. Kì í ṣe ìyálé ló bí i. Nígbà tí baba kú ní 714, ìyálé, Plectrude, ju ọmọ náà sẹ́wọ̀n kó má baà jogún. Ọmọ sá jáde lẹ́wọ̀n, ó kó ogun jọ, ó gba gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Charles Martel, torí Charles ni Karl ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ṣẹ́gun ní Faransé ní 732. Títí ó fi kú kò jọba. Ọmọ rẹ̀ ló gba adé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì tún jẹ́ Karl.

Karl kejì yìí ni ayé mọ̀ sí Charlemagne, Karl Ńlá. Ó jọba lé ilẹ̀ tó gbòòrò láti Spéìn títí wọ àárín Yúróòpù. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 800, Póòpù Leo Kẹta gbé adé ọba ńlá lé e lórí ní Róòmù. Einhard, akọ̀wé tó bá a gbé láàfin, kọ ohun méjì tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ó ní ọba yìí a máa tọ́jú pátákó ìkọ̀wé sábẹ́ ìrọ̀rí, kó lè máa kọ́ bí wọ́n ti ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, nítorí pé kò kọ́ ọ ní kékeré. Ó tún ní yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún, aṣọ tí ọba ń wọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ará ìlú: ẹ̀wù, ṣòkòtò, awọ ẹran lórí rẹ̀ nígbà òtútù. Kò fẹ́ràn aṣọ òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ aṣọ àwọn ará Róòmù, Póòpù ló sì bẹ̀ ẹ́ nígbà méjèèjì. Orúkọ mẹ̀kúnnù, aṣọ mẹ̀kúnnù, lórí ẹni tó lágbára jù ní Yúróòpù.

Àwọn ẹ̀yà Slav wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ó bá wọn jagun, ó gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lójú tiwọn, ọba tó ju ọba lọ ni. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di oyè. Bí àwọn Czech bá fẹ́ sọ pé ọba, král ni. Pólándì, król. Rọ́ṣíà, korol. Croatia àti Serbia, kralj. Húngárì tí kì í ṣe ẹ̀yà Slav yá a, ó di király. Lithuania yá a, ó di karalius. Tọ́kì yá a, ó di kral. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, nígbà tí orúkọ Caesar di kaiser ní Jámánì, tó di tsar ní Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n Caesar, orúkọ ìdílé ọlọ́lá ni. Èyí tí mo ń sọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó ń túlẹ̀ ló gun orí ìtẹ́.

Ó ṣì wà láàyè lẹ́nu wọn. Ní 2023, ìjọba Pólándì dámọ̀ràn pé kí wọ́n padà máa pe Kaliningrad, ìlú kan tó wà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ní Królewiec, orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè é lédè wọn. Ìlú Ọba ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Íbàdàn nínú oṣù Èrèlé ọdún 1982, ẹ rí Póòpù John Paul Kejì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, Karol ni, Karl wa kan náà. Karol ni orúkọ ọkùnrin, król ni ọba, lẹ́nu ẹnìkan náà, láàárín gbólóhùn kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Pólándì pè méjèèjì títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kó má rò ó pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí: bí ó ṣe di èébú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi létí dáadáa níbí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, nítorí apá yìí ni.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1066, wọ́n pa Ọba Harold ní Hastings. Àwọn tó kú yí i ká ni àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní húskarl. Karl inú ilé ọba. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa nínú orúkọ wọn. William àti àwọn ará Normandy, ní àríwá Faransé, gba ìlú. Nígbà tí wọ́n fi máa ka ilẹ̀ ní 1086, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbẹ̀ ńkọ́? Akọ̀wé ọba kọ wọ́n sínú ìwé lọ́nà tuntun: villanus, ará abúlé. Kò pẹ́ tí èyí fi di ìdè. Àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n wá ń pè ní villein, kò lè kúrò lórí ilẹ̀ láìgbàṣẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko ọlọ́lá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọbìnrin wọn bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, baba rẹ̀ yóò san owó fún ọlọ́lá. Bí baálé bá kú, ẹran ọ̀sìn tó dára jù nínú agbo, ọlọ́lá ló ni ín. Opó ṣì ń sunkún lọ́wọ́ ni wọ́n fa màlúù jáde.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ceorl di churl. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, bí ẹnìkan bá pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, ó ti bú u ni: aláìmọ̀wàáhù, ahun, ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀. Villein tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà kò yọ. Òun ló di villain, ọ̀daràn inú sinimá. Ọkùnrin tí òfin Æthelberht bọ̀wọ̀ fún, tí Ìhìn Rere pè ní ọkọ, tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Maldon, ó ti di àpèjúwe ìwà burúkú.

Ṣé ìwà rẹ̀ ló bàjẹ́? Rárá o! Kò sí ohun tó yí padà nínú ìwà ẹni tó ń jí lówùúrọ̀ lọ sóko. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìnira ló tẹ̀lé e. Ìbúra rẹ̀ kò wọ ilé ẹjọ́ mọ́ bí ó bá fẹ́ pe ọlọ́lá rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀. Nígbà tí kò ní ohun tí ó lè fi gbèjà ara rẹ̀ mọ́, ìgbà náà ni wọ́n wá kan orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ èèyàn kò ní lè sùn bí ó bá ṣì ń pe ẹni yẹn ní ọkùnrin gidi. Ó gbọ́dọ̀ wá nǹkan kan tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá fún mi láyè.

Òdìkejì òkun náà, ní Flanders, tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, ohun kan náà ni. Orin kan wà láti ayé yẹn tí àwọn ọmọ ọlọ́lá fi ń fi àwọn kerel, àwọn àgbẹ̀, ṣẹ̀sín. Wọ́n ní irùngbọ̀n wọn gùn, aṣọ wọn ti ya, wàrà àti búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, òun ni orí wọn fi kú. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Ta ló fún wàrà ọ̀hún? Ta ló ṣe wàràkàṣì tí àwọn akọrin náà ń jẹ?

Ẹ má rò pé ilé onílé nìkan ni mo ń wò. Tálákà tí à ń pè lédè wa, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí kò sí nípò ìjọba ni talaka, ará ìlú tí kò joyè. Ó lè ní àgùntàn, ó lè ní oko. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ará oko ńkọ́? Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ọ kí wọ́n fi bú èèyàn? Oúnjẹ tí a jẹ kí a tó jáde nílé, ará oko ló gbìn ín.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù England kò gbà á sùn. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti pa èèyàn rẹpẹtẹ ní 1348 sí 1349. Òṣìṣẹ́ wọ́n. Àwọn tó kù ní kí wọ́n fi owó kún owó iṣẹ́ wọn. Ní 1351 ìjọba ṣòfin pé owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ti àtijọ́. Owó orí wá gun orí rẹ̀. Nínú oṣù Òkúdu ọdún 1381, àwọn ará Kent gbéra. Wat Tyler ló ṣáájú wọn. Wọ́n pàgọ́ sí Blackheath, pápá tí bọ́ọ̀sì 53 ń là kọjá lọ sí Old Kent Road. Níbẹ̀ ni àlùfáà kan, John Ball, ti dìde wàásù fún wọn. Ìbéèrè kan ló fi ṣe orí ọ̀rọ̀: nígbà tí Ádámù ń ro oko, tí Éfà ń rànwú, ta ni ọlọ́lá nígbà náà?

Ẹ gbọ́ o: tí Ádámù ń ro oko, tí Éfà ń rànwú. Karl àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn!

Wọ́n pa Wat Tyler ní Smithfield láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nínú oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n so John Ball kọ́ ní St Albans, ojú ọba ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà kọ ọ́ pé ọba ọ̀dọ́ náà, Richard Kejì, sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé villein ni wọ́n, villein ni wọn yóò sì máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdè náà ti ń tú. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀, ẹrú ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní England. Èébú nìkan ni kò tán. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè títí di òní.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣebí ọ̀rọ̀ a máa yí ìtumọ̀ padà, kò ní ìdí. Mo ní kó bá mi dé Swídìn. Àwọn àgbẹ̀ Swídìn kò di ẹrú ilẹ̀. Ní 1335 ni Ọba Magnus Eriksson ti fòfin dá oko ẹrú dúró. Àwọn àgbẹ̀ ní ìjókòó tiwọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n jókòó pẹ̀lú ọlọ́lá, àlùfáà àti oníṣòwò, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di 1866. Kí ni ọ̀rọ̀ karl ń jẹ́ ní Swídìn lónìí? Ọkùnrin ni. Kò sí ẹ̀gàn kankan lára rẹ̀. Ní Iceland, ọkùnrin ni. Ní Jámánì, Kerl wà láàárín, ó lè jẹ́ ìyìn, ó lè jẹ́ àbùkù. Ọba Friedrich Wilhelm Kìíní tó kó àwọn sójà gíga jọ sí Potsdam, Lange Kerls ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ọkùnrin gíga. Ọ̀rọ̀ kan, ìlú mẹ́ta. Ibi tí mẹ̀kúnnù ti di ilẹ̀ rẹ̀ mú, orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ó ku apá kan: bí ó ṣe kọjá òkun bá wa

Orúkọ yìí ti gun ẹ̀yìn ọba tán báyìí, ọba ló sì ń gbé e kiri. Ní 1518, Carlos Kìíní ti Spéìn, ẹni tí Jámánì ń pè ní Karl Karùn-ún, fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n kó ẹrú 4,000 láti Áfíríkà gba òkun lọ tààrà sí àwọn ilẹ̀ tuntun rẹ̀. Ní 1789, Carlos Kẹrin ṣí òwò ẹrú sílẹ̀ gbayawu fún Kúbà. Ìgbà tí ilé Ọ̀yọ́ wó lulẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, ẹnubodè tí ọba yẹn ṣí ni wọ́n gbà kó àwọn èèyàn wa wọlé. Àwọn tó ń jẹ́ Lukumí lónìí nìyẹn, tó ṣì ń kí Ṣàngó ní Havana àti Matanzas. Charles Kejì ti England fi ilẹ̀ Carolina ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ lọ́rẹ ní 1663. Orúkọ ara rẹ̀ ni, ní èdè Látìn. Wọ́n tẹ Charles Town dó ní 1670, ìlú tó di Charleston, ojú ibùdókọ̀ ẹrú tó tóbi jù lọ ní àríwá Amẹ́ríkà. Mẹ̀kúnnù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹrú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ibi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn.

Ọdún 300 lẹ́yìn náà gan-an, ní 1970, Ọba Oseijeman Adéfúnmi, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tó gba àṣà Yorùbá, dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ nínú South Carolina yẹn kan náà. Ilẹ̀ ni wọ́n wá, wọ́n rí i, wọ́n kọ́ ojúbọ sí i.

Kúbà náà kò pa á tì síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1868, ọkùnrin kan tó ní oko ìrèké ní La Demajagua lu agogo oko, ó pe àwọn ẹrú rẹ̀ jọ, ó ní láti òní lọ ẹ di òmìnira, ó sì dojú ogun kọ Spéìn. Carlos Manuel de Céspedes ni. Carlos! Ẹnìkan gba orúkọ náà padà sí ìtumọ̀ tí ó ní nígbà ìwáṣẹ̀. Ọdún 18 sí i ni kí oko ẹrú tó parí ní Kúbà, ní 1886.

Ní 1886 yẹn kan náà, ogun Kírìjì ti gba ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa. Ẹni méjì tí wọ́n ń rìn láàárín àwọn ibùdó ogun láti pẹ̀tù sí aáwọ̀ náà, ọ̀kan ni Samuel Johnson, akọ̀wé ìtàn wa. Èkejì ni àlùfáà tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó láti 1877, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, Charles. Charles Phillips. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Mo rí ọwọ́ ìyá wa kan tó ti nà lókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ará oko. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wí.